Orí Keje: Ariwo Ọjà Ìlú Ńlá, Bí A Ṣe Ń Wọ̀n Ọ́n àti Bí A Ṣe Ń Kápá Rẹ̀

Àfojúsùn ẹ̀kọ́

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:

- sọ ohun tí ìró, ariwo àti ìbàyíkájẹ́ ariwo jẹ́, kí ó sì tọ́ka sí orísun wọn lọ́jà;
- ṣàlàyé ìdí tí 70 dB àti 70 dB kì í fi í di 140 dB;
- wọn ariwo ní etí ọjà, kí ó sì ṣírò LAeq, L10 àti L90;
- fi ohun tó wọ̀n wé ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2009;
- yan èyí tó yẹ kí a kọ́kọ́ kápá nínú ọ̀pọ̀ orísun ariwo.

7.1 Ohun tó ń dún lọ́jà

Ìró ni ohun tí etí ń gbà nígbà tí nǹkan bá gbọ̀n tí afẹ́fẹ́ sì gbé gbígbọ̀n náà dé ọ̀dọ̀ ẹni. Ariwo ni ìró tí ẹni tó ń gbọ́ ọ kò fẹ́, tàbí ìró tó lè ṣe é ní jàǹbá bó tilẹ̀ ń gbádùn rẹ̀. Apá kejì ìtumọ̀ yìí kò ṣeé fò. Ọmọkùnrin tó ń ta orin nínú ṣọ́ọ̀bù lè máa jó sí sìpíkà rẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́; inú etí rẹ̀ kò mọ̀ pé orin ni. Ìbàyíkájẹ́ ariwo ni kí ariwo pọ̀ tàbí kí ó pẹ́ níbì kan débi pé ó ń dí oorun, iṣẹ́, ẹ̀kọ́ tàbí ìlera àwọn ará ibẹ̀ lọ́wọ́.

Ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn ni a ó máa tọ́ka sí jù lọ, nítorí pé kò sí irú ariwo tí a wá débẹ̀ tí a kò ní bá. Títì tó ti Sẹkitéríàtì lọ sí Yunifásítì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ojú irin kò jìnnà sí i, ilé gbígbé sì yí i ká. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó kó ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti iṣu wá láti Òkè Ọya ń já ẹrù. Níbi ọjà pákó, ẹ̀rọ ìlagi ń han gooro. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń ta oògùn sì ti gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ, ó so sìpíkà mọ́ orí mọ́tò, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù alọta. Ẹ́ńjìnnì oní-dísù jókòó lórí kọnkéré, bẹ́líìtì gùn láti ara rẹ̀ dé ọwọ́ ẹ̀rọ tó ń lọ ata. Ìró mẹ́ta ló pọ̀ mọ́ra níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èéfín tó ń tú jáde lẹ́nu sàláńsà. Ìkejì ni gbígbọ̀n ara ẹ́ńjìnnì àti bóòtì tó ti tú, èyí tó ń gba inú kọnkéré dé ara páànù òrùlé, tí páànù náà sì ń bá a dún. Ìkẹta ni irin tó ń ha irin nígbà tí alọta bá fún ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ kí ata lè kúnná. Obìnrin tó wá lọta kò sọ̀rọ̀. Ìka méjì ló nà sókè láti fi hàn pé ìgbà méjì ni òun fẹ́ kó lọ̀ ọ́. Àmì yẹn wúlò fún ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ariwo. Níbikíbi tí ènìyàn méjì tó dúró ní ìwọ̀n apá kan síra wọn bá ti ní láti pariwo kí wọ́n tó gbọ́ra, ó ṣeé ṣe kí ìwọ̀n ìró ibẹ̀ ti tó 85 dB tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A pín orísun ariwo ọjà sí méjì. Orísun adúró-sójú-kan ni ẹ̀rọ ata, ẹ̀rọ ìlagi, jẹnẹrétọ̀ àti sìpíkà ṣọ́ọ̀bù. Orísun alárìnká ni mọ́tò, ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọkọ̀ olóògùn. Ohùn ènìyàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ́ òun ló ń mú kí mítà fò sókè. Òwe ní ẹni tí a ń bá nájà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Òwe náà ṣeé tẹ̀lé nígbà tó jẹ́ pé ìpolówó ẹnu ni ariwo ọjà. Láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì àti sìpíkà ti dé, ẹni tí a ń bá nájà gan-an ni kò gbọ́ wa mọ́.

7.2 Desíbẹ̀lì

Desíbẹ̀lì (dB) ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìró. Orúkọ Alexander Graham Bell ni wọ́n fi sọ ọ́. Agbára ìró tó wà ní 90 dB fi ìlọ́po bílíọ̀nù kan ju ti ìró tó kéré jù lọ tí etí lè gbọ́ lọ. Òǹkà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kò rọrùn láti lò, ìdí nìyí tí a fi gbé òṣùwọ̀n náà ka orí lọ́gárítìmù:

L = 10 × log₁₀ (I ÷ I₀)

I ni agbára ìró tó dé ibi tí a ti ń wọ̀n ọ́n. I₀ ni 10⁻¹² wáàtì lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Nínú ìlànà yìí ni àwọn òfin tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ dunjú ti jáde:

Bí orísun méjì tó dọ́gba bá ń dún pọ̀, 3 dB ni a ó fi kún ti ẹyọ kan. 70 dB àti 70 dB di 73 dB. Bí wọ́n bá di mẹ́wàá, 10 dB ni a ó fi kún un, ó di 80 dB. Bí ọ̀kan bá fi 10 dB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju èkejì, èyí tó kéré fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan sí àpapọ̀. Ní etí ènìyàn, ìró tó fi 10 dB lé sí i máa ń dà bí ẹni pé ó di ìlọ́po méjì.

Ọ̀nà jíjìn náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bí orísun bá jẹ́ ẹyọ kan ní gbangba, bíi jẹnẹrétọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ń fi 6 dB dínkù ní gbogbo ìgbà tí a bá sọ jíjìnnà wa sí i di ìlọ́po méjì. Fún títì tí mọ́tò tò sí gbọọrọ, 3 dB péré ló ń dínkù. Ìdí nìyí tí ilé tó jìnnà díẹ̀ sí jẹnẹrétọ̀ fi lè rí ìsinmi, tí èyí tó jìnnà bákan náà sí títì kò sì fi rí i.

*Àpẹẹrẹ 1.* Jẹnẹrétọ̀ kan ń dún ní 70 dB ní mítà 7 sí i. Ní mítà 14, yóò jẹ́ 64 dB. Ní 28, 58 dB. Ní 56, 52 dB. Ìṣirò yìí kò ka ògiri mọ́ ọn. Láàárín ṣọ́ọ̀bù tó fẹ̀gbẹ́ kanra, ògiri ń dá ìró padà, ohun tí mítà bá kà yóò sì ga ju èyí lọ.

Etí kì í gbọ́ ìró tó rinlẹ̀ àti èyí tó ròkè bákan náà. Mítà máa ń ṣe àtúnṣe kí ohun tó ń kà lè sún mọ́ ohun tí etí ń gbọ́. Àtúnṣe yìí ni à ń pè ní ìwọ̀n A, a sì ń kọ ọ́ ní dB(A). Gbogbo iye tó kù nínú orí yìí, dB(A) ni.

7.3 Wíwọn ariwo ní etí ọjà

Mítà ìró ni ohun èlò tí a fi ń wọn ariwo. Ìlànà àgbáyé IEC 61672 pín in sí ìpele méjì: ìpele 1 péye ju ìpele 2 lọ, ó sì wọ́n jù ú lọ. Ìpele 2 tó fún iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí a bá parí, a ó fi kalibrétọ̀ yẹ mítà wò. Kalibrétọ̀ jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí púpọ̀ nínú irú rẹ̀ ń dún ní 94 dB gééré; bí mítà bá ka nǹkan mìíràn, a ó tún un ṣe.

A máa ń gbé mítà sí ìwọ̀n mítà 1.2 sí 1.5 lókè ilẹ̀, fóòmù ìdáàbòbò a wà lórí máíkù rẹ̀ nítorí atẹ́gùn, ògiri a sì jìnnà sí i tó mítà 3.5. Ìlànà ìkẹyìn yìí nira ní ọjà Ìdúmọ̀tà tàbí Òkè-Àrín ní Èkó, níbi tí ògiri kò ti jìnnà síra. Ẹni tí kò bá rí àyè kọ jíjìnnà ògiri sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, kí ẹni tí yóò ka àbájáde lè mọ̀. A kì í wọn ariwo nígbà òjò, pàápàá lábẹ́ páànù.

Ó kéré tán, ibi mẹ́ta ni a ó ti wọ̀n ọ́n: àárín ọjà, etí ọjà, àti ibi tí ariwo ti ń dààmú ènìyàn, bí ilé ìwé, ilé ìwòsàn tàbí fèrèsé yàrá ìbùsùn. Òǹkà tó ga jù lọ, àárín ọjà ló sábà máa ń wà. Òǹkà tí òfin ń béèrè, ibi kẹta ni.

Àkókò ṣe pàtàkì bí ibi. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́ àti òru yàtọ̀ síra, nítorí òru ni ọkọ̀ àjàgbé sábà máa ń wọlé. Nǹkan mìíràn wà tí ìwé tí wọ́n kọ nílẹ̀ òkèèrè kì í rántí: a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá iná mànàmáná wà nígbà tí à ń wọn ariwo. Ọjà kan náà, ní wákàtí kan náà, lè jẹ́ ọjà méjì lójú mítà bí wọ́n bá mú iná lọ. Ní Èkó, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí àwọn ọlọ́jà máa ń ti ìsọ̀ nítorí ìmọ́tótó jẹ́ àǹfààní láti wọn ariwo títì nìkan, láìsí ti ọjà.

Fóònù ńkọ́? NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbé áàpù ọ̀fẹ́ kan jáde fún iPhone, ó sì péye díẹ̀. Ti fóònù Android kò ṣeé fọkàn tán tó bẹ́ẹ̀, nítorí máíkù wọn kò dọ́gba. A lè fi fóònù mọ ibi tí ariwo ti pọ̀ ju ibòmíràn lọ. A kò lè gbé e lọ sílé ẹjọ́.

7.4 Láti orí òǹkà dé orí àbájáde

Ariwo ọjà ń lọ sókè sódò, nítorí náà òǹkà kan ṣoṣo kò tó. Àwọn mẹ́ta yìí ni a sábà ń lò:

LAeq ni ìwọ̀n ìró tí kò yí padà, tí agbára rẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú gbogbo ariwo tó ń lọ sókè sódò láàárín àkókò kan náà. L10 ni ìwọ̀n tí ariwo kọjá ní ìdá mẹ́wàá àkókò náà; ó ń fi fèrè mọ́tò àti ariwo òjijì hàn. L90 ni ìwọ̀n tí ariwo kọjá ní ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Òun ni ariwo ìsàlẹ̀, èyí tí kì í lọ bí fèrè mọ́tò bá tilẹ̀ dákẹ́.

*Àpẹẹrẹ 2.* Òǹkà márùn-ún tí a kà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni 68, 70, 72, 85 àti 69 dB. Bí a bá rò wọ́n pọ̀ tí a pín in sí márùn-ún, 72.8 dB ni. Àṣìṣe ni. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di agbára (10 tí a gbé sókè ìdá kan nínú mẹ́wàá òǹkà náà). Ní mílíọ̀nù, wọ́n jẹ́ 6.3, 10, 15.8, 316.2 àti 7.9. Àpapọ̀ wọn ni 356.2, ìdá márùn-ún rẹ̀ ni 71.2. LAeq = 10 × log₁₀ (71,200,000) = 78.5 dB. Òǹkà kan, 85, ló fa gbogbo èyí. Bí ọkọ̀ olóògùn bá kọjá ní ìṣẹ́jú kan nínú márùn-ún, òun nìkan ló ni ìṣẹ́jú márààrún.

Fún L10 àti L90, ka òǹkà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá 10 sí ara wọn, kí o sì tò wọ́n láti orí èyí tó ga jù. Ìkarùn-ún ni L10. Ìkarùn-dín-láàádọ́ta ni L90.

*Àpẹẹrẹ 3.* Nígbà tí ẹ̀rọ ata ń ṣiṣẹ́, mítà ka 72 dB. Nígbà tí wọ́n pa á, ó ka 69 dB. Ti ẹ̀rọ náà nìkan ni 10 × log₁₀ (15.8 − 7.9 mílíọ̀nù) = 69 dB. Ìdajì ẹ̀bi péré ni ti alọta. Ìdajì tó kù wà lọ́rùn àwọn yòókù. Bí ìyàtọ̀ kò bá tó 3 dB, ìṣirò yìí kò ṣeé gbára lé.

7.5 Ohun tí ariwo ń ṣe sí ara

Nínú kókílíà, ìyẹn apá inú lọ́hùn-ún etí, àwọn irun wínníwínní wà tó ń sọ gbígbọ̀n di ìròyìn fún ọpọlọ. Ariwo tó pọ̀ ń pa wọ́n, wọn kì í sì hù padà. Kó tó di pé wọ́n kú, etí yóò kọ́kọ́ máa ṣú lẹ́yìn iṣẹ́, yóò sì là ní òwúrọ̀. Ẹni tí èyí ń ṣe lójoojúmọ́ ti ń rí ìkìlọ̀. Etí híhó, àìsùn àti ẹ̀jẹ̀ ríru náà wà lára ohun tí ariwo tó pẹ́ ń dá kún, ọmọ ilé ìwé tí kò gbọ́ olùkọ́ rẹ̀ dáadáa a sì máa rẹ̀yìn nínú ìwé kíkà.

NIOSH gbà pé 85 dB fún wákàtí 8 ni òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá lóòjọ́. Bí ariwo bá fi 3 dB lé sí i, àkókò náà gbọ́dọ̀ dín sí ìdajì: 88 dB fún wákàtí 4, 91 fún 2, 94 fún 1, 97 fún ìṣẹ́jú 30, 100 fún ìṣẹ́jú 15. Oníbàárà tó lọ ata ìṣẹ́jú mẹ́ta kò sí nínú ewu ńlá. Ọmọ iṣẹ́ tó dúró ti ẹ̀rọ náà láti àárọ̀ ni a ń sọ.

7.6 Ohun tí òfin wí

Ní 2007 ni wọ́n dá àjọ NESREA sílẹ̀ láti máa bójú tó ìlànà àyíká ní Nàìjíríà. Ìlànà rẹ̀ lórí ariwo jáde ní 2009. Ọ̀sán, nínú ìlànà náà, bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago mẹ́wàá alẹ́.

| Irú ibi | Ọ̀sán, dB(A) | Òru, dB(A) |
|---|---|---|
| Ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ gíga, ilé ìkàwé | 45 | 35 |
| Ilé gbígbé | 50 | 35 |
| Ilé gbígbé tó pọ̀ mọ́ òwò àti ìgbafẹ́ | 55 | 45 |
| Ilé gbígbé, òwò àti ilé iṣẹ́ kéékèèké pọ̀ | 60 | 50 |
| Agbègbè ilé iṣẹ́ ńlá | 70 | 60 |

Ọjà bíi Bódìjà, tí pákó, ata lílọ̀ àti ilé gbígbé ti pàdé, bá ìlà kẹrin mu jù lọ. Ilé ìwòsàn tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìlà kìíní. Àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú ní àjọ tiwọn. LASEPA ni ti Èkó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, ìròyìn jáde pé ìjọba Èkó ti ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo, nítorí náà ìwé òfin kì í ṣe àkọsílẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n ọjà kò ṣeé tì bí ilé ìjọsìn. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi ọjà àti gáréèjì sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àwọn tí ọlọ́jà sì máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu jù ni Ìyálọ́jà, Bàbálọ́jà àti olórí ẹgbẹ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Ètò tí kò bá gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá kì í pẹ́ kó tó forí ṣánpọ́n.

7.7 Kíkápá ariwo

Ibi mẹ́ta ni a ti lè kápá ariwo: níbi orísun, lójú ọ̀nà, àti lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbọ́ ọ. Orísun ló sábà máa ń dára jù.

*Èwo ni kí a kọ́kọ́ mú?* Ẹ jẹ́ ká sọ pé ní ọgbà ilé ìwòsàn kan, sìpíkà olóògùn nìkan jẹ́ 72 dB, ẹ̀rọ ìlagi 68, ẹ̀rọ ata 65, jẹnẹrétọ̀ 62. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 74.3 dB. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ ìlagi, ẹ̀rọ ata àti jẹnẹrétọ̀ pátá, tí iṣẹ́ àwọn ènìyàn dúró, ariwo yóò fi 2.3 dB péré dínkù. Bí sìpíkà nìkan bá dákẹ́, yóò fi 3.9 dB dínkù, kò sì sí ẹni tí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ti ọwọ́ ẹ̀rọ bọ́. Síbẹ̀, 70.4 dB tó kù ṣì jìnnà sí 45. A ó tún ìṣirò náà ṣe, a ó mú èyí tó kù tó ga jù, ẹ̀rọ ìlagi, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mítà ni yóò tò wọ́n, kì í ṣe ẹni tí inú ń bí.

*Níbi orísun.* Yíyí sìpíkà padà sínú ọjà dípò ìta kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Dídè bóòtì tó tú, títẹ́ rọ́bà nípọn sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, pípààrọ̀ sàláńsà tó ti lu àti pípọ́n abẹ ẹ̀rọ ìlagi kò wọ́n. Ti jẹnẹrétọ̀ ju èyí lọ, nítorí àìsí iná ló bí i. Bí ṣọ́ọ̀bù ogún bá pa ogún jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n lo ẹyọ kan tó wà nínú àpótí ìdínró, tàbí sólà, ariwo ìsàlẹ̀ ọjà yóò wálẹ̀. Irú ọ̀nà yìí ni REA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iná mànàmáná ìgbèríko, gbà nínú ètò Energizing Economies, tó fa iná dé ọjà bíi Sura ní Erékùṣù Èkó, Sabon Gari ní Kánò àti Ariaria ní Àbá, kí àwọn ọlọ́jà lè bọ́ lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀ kéékèèké.

*Lójú ọ̀nà.* Ìdènà ìró ni ògiri tàbí nǹkan tó nípọn tó dúró láàárín orísun àti olùgbọ́. Bí ó bá ga débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò rí orísun, ó lè dín ariwo kù ní bíi 5 dB. Kò gbọdọ̀ ní ihò. Àlàfo kékeré ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Igi gbígbìn tí àwọn ènìyàn máa ń dábàá jù lọ kò lágbára tó bí wọ́n ṣe rò: ìlà òdòdó kan kò dí ariwo, àfi bí igi bá dí gidi tó sì nípọn tó ọ̀pọ̀ mítà. Ó dára fún òjìji.

*Lọ́dọ̀ olùgbọ́.* Ìdíletí fóòmù tí a fi sí etí dáadáa ń ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ púpọ̀. Òwú kò tó nǹkan. Kí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn nídìí ẹ̀rọ náà ń dín wákàtí ẹnì kọ̀ọ̀kan kù. Fún ará ilé, ìfẹnukò lórí wákàtí tí ọkọ̀ àjàgbé yóò máa já ẹrù ló wúlò jù.

7.8 Kókó ẹ̀kọ́

Desíbẹ̀lì kì í ṣe òǹkà à-rò-pọ̀ lásán. Ìlọ́po méjì orísun jẹ́ 3 dB. LAeq ni a fi ń sọ àpapọ̀ ariwo, L90 ni a fi ń mọ ti ìsàlẹ̀. Ọ̀dọ̀ olùgbọ́ ni òfin ń wò. Orísun tó ga jù níbẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ mú.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìró àti ariwo? Fi àpẹẹrẹ kan láti ọjà àdúgbò rẹ ti ìdáhùn rẹ lẹ́yìn.
2. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́jọ tó dọ́gba ń dún ní ojúlé kan. Ti ẹyọ kan jẹ́ 66 dB. (a) Kí ni àpapọ̀ wọn? (b) Bí wọ́n bá pa mẹ́rin, kí ni yóò kù?
3. Ṣírò LAeq òǹkà wọ̀nyí: 64, 66, 79, 65, 81 dB. Fi wé ìpíndọ́gba lásán, kí o sì sọ ohun tó fa ìyàtọ̀ náà.
4. Mítà ka 71 dB nígbà tí ẹ̀rọ ìlagi ń ṣiṣẹ́, 65 dB nígbà tó dákẹ́. Kí ni ti ẹ̀rọ ìlagi nìkan?
5. Ọmọ iṣẹ́ alọta kan ń lo wákàtí mẹ́ta lóòjọ́ nínú ariwo 94 dB. Ṣé ó ti kọjá ìlànà NIOSH? Sọ ọ̀nà méjì tí ọ̀gá rẹ̀ lè gbà dáàbò bò ó láìdá iṣẹ́ dúró.
6. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà kan fẹ́ gbin ìlà òdòdó kan sí ààlà ọjà àti ilé ìwòsàn kí ariwo lè dínkù. Kọ lẹ́tà ojú ìwé kan sí Ìyálọ́jà, kí o fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé ohun tí owó náà lè ṣe dípò rẹ̀.
7. *Iṣẹ́ ìta.* Ní ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin, ẹ yan ọjà kan àti ilé ìwòsàn tàbí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tó sún mọ́ ọn. Ẹ gba ìyọ̀ǹda olórí ọjà. Ẹ ka òǹkà 50 ní ibi mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí iná wà, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí kò sí. Ẹ ṣírò LAeq, L10 àti L90, ẹ fi wọ́n wé tábìlì 7.6, kí ẹ sì sọ orísun tí ẹ ó kọ́kọ́ mú àti iye dB tí ẹ retí pé yóò dínkù.